Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ló ń pa kámẹ́rà orí ọ̀kadà?

Bí kámẹ́rà orí ọ̀kadà bá ń kú, tó tún ń jí, ní Ayigya tó múlé gbe yunifásítì KNUST ní Kumasi tàbí níbikíbi, ẹ má tètè dá kámẹ́rà lẹ́bi. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bátìrì ọ̀kadà jẹ́ fóltì 12, ó sì lè tó 14 bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Fóltì 5 ni kámẹ́rà tó ń lo USB ń fẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tó ń dín iná kù ló ń là wọ́n láàárín. Bí wáyà bá tín-ín-rín jù, tàbí tí ibi tí a ti so ó mọ́ irin ọ̀kadà bá dípẹtà, fóltì á ti já wálẹ̀ kó tó dé kámẹ́rà.

Ẹnìkan lè ní, “Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, 5 ló pé géérégé.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná nígbà yẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí kámẹ́rà bá ń ya fídíò. Bí mítà bá ka 4.5, ọwọ́ ti tẹ olè. Àwọn mìíràn á ní ká ra ẹ̀rọ tó tóbi sí i, àmọ́ ẹ̀rọ ńlá kò lè ṣí ìpẹtà kúrò. Ẹ ha irin náà títí yóò fi dán, ẹ lo wáyà tó nípọn, kí ẹ sì fi fúùsì sí ẹ̀bá bátìrì gan-an, torí wáyà tó bó láìsí fúùsì lè dáná sun ọ̀kadà.