Bí Ẹ Bá Gba Ilé Lọ́wọ́ Ayálégbé, Kí Ni Ẹ̀tọ́ Yín?



Ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní ìlú Kàdúná yóò rántí pé lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó kúrò ní apá gúúsù ìlú lọ sí apá àríwá, tí ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì náà sì kó lọ sí apá gúúsù. Bí ènìyàn bá kó lójijì báyìí, tí àsìkò owó ilé tí ó san kò sì tíì pé, ó lè fẹ́ yá ilé náà fún ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kó lọ. Yàrá kan nínú ilé tí wọ́n yá ni wọ́n ń yá fúnni. Bí ẹ bá fẹ́ gba irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ dúró ná.

Ẹni tí kò ní kì í fúnni. Ayálégbé kò lè fún yín ju ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lọ. Bí àsìkò tirẹ̀ bá pé, tiyín náà parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ilé náà lọ́nà ẹ̀tọ́, tí òun sì fínnúfíndọ̀ dá ilé padà fún onílé kí àsìkò tó pé, òfin kò jẹ́ kí ìyẹn pa ẹ̀tọ́ yín rẹ́.

Ìwé àdéhùn ńkọ́? Bí kò bá ka yíyá-fún-ẹlòmíràn léèwọ̀, òfin gbà á láàyè. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fíkíhì, títí kan àwọn ti ọ̀nà Màlíkì tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Haúsá, gbà á láàyè pẹ̀lú, nítorí àǹfààní lílo ilé ni ayálégbé sanwó fún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ni ó sọ pé onílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ̀ǹda. Ìbẹ̀rẹ̀ Súrátu Máídà sì pa wá láṣẹ pé kí á mú àdéhùn ṣẹ. Bí ayálégbé bá rú àdéhùn yìí, onílé lè gba ilé rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́, ẹ̀yin náà yóò sì bá a jáde. Owó yín ńkọ́? Ọwọ́ ẹni tí ẹ san án fún ni ẹ ó ti bèèrè rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ onílé.

Síbẹ̀, onílé kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣí òrùlé, tàbí láti da ẹrù ìyàwó àti ọmọ yín síta. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, òfin ní kí ó kọ́kọ́ fún ayálégbé ní ìwé oṣù 6 bí ọdọọdún ni ó ń sanwó, tàbí oṣù 1 bí oṣooṣù ni. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ 7 yóò tẹ̀lé e, kí ó tó kan ilé-ẹjọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ìwé àdéhùn ayálégbé náà. Ẹ gba ìyọ̀ǹda onílé ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tí ó sọ ọjọ́ tí àsìkò yín yóò pé, kí ẹlẹ́rìí méjì sì wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Súrátul Bàkárà, áyà 282, ṣe kọ́ wa nípa ọ̀rọ̀ gbèsè. Ẹ má ṣe wò ó pé ọmọ ìlú kan náà ni yín, tàbí pé mọ́sáláásí kan náà ni ẹ ti ń kírun. Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Kí Ọlọ́hun fi ìbàlẹ̀ ọkàn sí ibùgbé wa. Àmín.