Ọmọ Ta Ni Ẹ́?

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù, ṣùgbọ́n ariwo àwọn ọmọ ti gba gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan ní Abẹ́òkúta. Iná ti lọ, fáànù dúró. Àǹtí tó ń kọ́ wọn ní Sọ́ńdè Sùkúù kò tíì ṣí Bíbélì. Ọmọkùnrin kan tó jókòó níwájú ló nàka sí.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

Ọmọ náà dárúkọ bàbá rẹ̀.

"Ta ló bí bàbá ẹ?" Ó mọ ìyẹn náà.

"Ta ló wá bí bàbá-bàbá ẹ?" Ọmọ gbójú sókè àjà. Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, títí ìbéèrè fi kàn wọ́n.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n kó wá: orúkọ ìran mẹ́ta, oríkì ọmọ fúnra rẹ̀, àti ẹni tó kọ́kọ́ gba Jésù nínú ẹbí. Mo bẹ̀rẹ̀ sídìí ọmọbìnrin kan. Ó ti kọ Àdùkẹ́ gàdàgbà sókè ìwé. Nísàlẹ̀, ibi tó yẹ kí orúkọ bàbá ńlá wà, ìrésà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà náà. Síbẹ̀ ojú ṣì ń rí i: Fátóyìnbó.

"Mọ́mì ní kí n pa á rẹ́," ó ní. "Wọ́n ní orúkọ abọ̀rìṣà ni."

Àǹtí ki pẹ́ńsù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ padà. "Kọ ọ́, Àdùkẹ́. Bí ò bá sí wọn, ìwọ dà?"

Inú mi dùn. Ilé tí Fá ti di Olú, tí Ògún ti di Jésù, mo mọ̀ wọ́n lọ bẹẹrẹ. Ẹni tó bá yí orúkọ ara rẹ̀ padà, ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí. Ṣùgbọ́n ta ló rán wa níṣẹ́ pé ká máa yí tòkú?

Mátíù orí kìíní ni Àǹtí wá ṣí, èyí tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò nítorí orúkọ tó kún inú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá Ráhábù àti Rúùtù jáde. Obìnrin tí wọ́n ń fọwọ́ òsì júwe ní Jẹ́ríkò ni ọ̀kan, ará Móábù ni èkejì. Àwọn méjèèjì wà nínú ìran Jésù, ẹnikẹ́ni ò pa wọ́n rẹ́.

Ó tibẹ̀ bọ́ sórí ìtàn Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825, tó di Samuel Crowther. Ó ti di àlùfáà kó tó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ibí ló ti rí Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25.

"Ṣé màmá wọn ṣì dá wọn mọ̀?" Àdùkẹ́ bèèrè.

Àǹtí ní wọ́n kàn di ara wọn mú ni, omijé ń dà, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ní 1848, Àfàlá náà ṣe ìrìbọmi, ó di Hánnà.

"Ọmọ ló mú ìyá wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nílé tiyín ńkọ́, ta ló mú ta wọlé?"

Ọwọ́ ń lọ sókè. Ẹnì kan ní ìyá-ìyá òun ni. Ẹlòmíràn ní tíṣà iléèwé kan. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn rọra ní, "Àǹtí, Àlàájì ni bàbá-bàbá mi o." Ẹ̀rín sọ.

"Kí lẹ̀ ń rín? Èwo nínú ilé yín ni ò ní mùsùlùmí? Kọ Àlàájì síbẹ̀. Ta ló wá kọ́kọ́ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Dádì mi ni. Nígbà tí wọ́n ń lé Mọ́mì mi kiri."

Ẹ̀rín kejì yìí, Àǹtí fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.