Owó Orí Dórí Fóònù ní Etíkun Ìlàjẹ

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ láti Oríòkè-Ìwàmímọ́ lọ sí Igbókòdá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ ìlú ní etíkun yìí fi wà láìsí iná ìjọba. Ibẹ̀ náà ni òfin owó orí tuntun bá àwọn apẹja àti ìyá ẹlẹ́ja. Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i lóṣù Kẹfà ọdún 2025. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní ọdún 2026.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ (NIN) ti di nọ́ńbà owó orí ẹni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń gbowó orí ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ní Oǹdó, ODIRS ni. Ẹni tó bá kọ̀, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e.

Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ láyà ni pé wọ́n rò pé gbogbo owó ẹja ni ìjọba fẹ́ pín. Rárá o, èrè ni. Ká ní apẹja kan pa ₦2,000,000 lọ́dún, tó sì ná ₦1,300,000 sórí bẹntiróòlù, àwọ̀n àti àtúnṣe ẹ́ńjìnnì. ₦700,000 ló kù. Kò ní san kọ́bọ̀, torí kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ₦1,000,000 ló kù, ₦200,000 tó lé nìkan ni wọn yóò bu ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé: ₦30,000.

Síbẹ̀, Taiwo Oyedele, tó darí ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó orí, ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré náà gbọ́dọ̀ ròyìn.

Lórí fóònù lèèyàn ti lè fi ìròyìn náà ránṣẹ́, àmọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wúlò ju fóònù olówó ńlá lọ. Bẹntiróòlù tí wọn kò kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ta ni yóò rántí rẹ̀ lóṣù Kẹta? Ọmọ iléèwé lè bá ìyá rẹ̀ tẹ àkọsílẹ̀ náà sórí fóònù, ìyẹn sàn ju kí wọ́n fi NIN àti ọ̀rọ̀ aṣínà lé oníkáfè lọ́wọ́.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìkànnì owó orí TaxPro Max jáde lọ́dún 2021, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní akáǹtáǹtì tí yóò bá wọn yanjú ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kò ní. Ní Kenya, òṣìṣẹ́ owó orí ń jókòó ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Huduma Centre láti ran aráàlú lọ́wọ́. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ODIRS gbé wọ ọkọ̀ ojú omi, tòun ti sólà, kó dé Oríòkè-Ìwàmímọ́ kí oṣù Kẹta tó wọlé.