Àràbà Tí Ó Jẹrà Láàrin Ilé-Ẹ̀kọ́

Ẹni tí igi bá jẹrà sí lóko lè bì í síbi tí ó wù ú. Ṣùgbọ́n bí àràbà bá dúró láàrin kíláàsì méjì, tí wáyà iná sì gba abẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kọjá, kò sí ibi tí a ó bì í sí. Láti òkè ni a ó ti máa gé e ní ègé-ègé, tí a ó sì máa fi okùn sọ wọ́n kalẹ̀. Owó okùn yìí ni àwọn kan tí ń gba iṣẹ́ igi gígé kì í fẹ́ ná, àwa kò sì lè dákẹ́ sí i.

Ẹni tí ó gun igi a so okùn mọ́ ẹ̀ka kí ó tó fi ayùn kàn án. Okùn náà a gba inú irin oníkẹ̀kẹ́ tí a dè mọ́ ibi líle lókè, a sì sọ̀kalẹ̀ wá sí ìdí igi, níbi tí a ó ti wé e yí igi ká lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Wíwé yìí ni ó ń gba ẹrù náà dúró. Ènìyàn kan lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ ìtì tí ó wúwo jù ú lọ kalẹ̀. Kò gbọdọ̀ wé e mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ láé. Kò sì gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ìtì tí ń já bọ̀ a máa fa okùn ní ìlọ́po-ìlọ́po ìwọ̀n rẹ̀.

Bí igi náà bá ti jẹrà dé inú ńkọ́? Igi tí kò lè gbé ara rẹ̀ kò lè gbé okùn. Igi mìíràn tí ó yè nítòsí, tàbí kéréènì, ni a ó so ó mọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí wọ́n bá rán ẹni tí ó mú ayùn nìkan lọ́wọ́ wá, ẹ bi í léèrè okùn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ sọ fún àwọn kánsẹ́lọ̀ tí ẹ dìbò fún pé kí wọ́n jẹ́ kí a pa iná wáyà náà kí ẹnikẹ́ni tó gun igi, kí iṣẹ́ náà sì bọ́ sí ìgbà tí àwọn ọmọ wà ní ìsinmi.