Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ló ń sanwó ìwòsàn ẹni tó fẹ̀yìn tì lókè òkun tó padà sí Òkè-Ògùn?

Owó ìfẹ̀yìntì lè bá yín dé Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn. Ètò ìwòsàn òkè òkun kì í sábàá bá yín dé bẹ̀.

🇺🇸 Amẹ́ríkà: Medicare, ètò adójútòfò ìlera ìjọba fún àgbàlagbà, kì í sábàá sanwó ìtọ́jú tí ẹ bá gbà ní Nàìjíríà. Ẹ má sì kánjú dá owó Part B Medicare yín dúró. Bí ẹ bá padà wá gbà á, wọ́n lè fi 10% kún un fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi jáwọ́.

🇬🇧 Ìlú Ọba: Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni NHS, ètò ìwòsàn ìjọba wọn, wà fún. Ẹni tó ti kó wálé pátápátá, tó wá padà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní England, lè san 150% iye owó rẹ̀.

🇳🇬 Nàìjíríà: Òfin NHIA (àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀) ti ọdún 2022 ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé orílẹ̀-èdè yìí ní adójútòfò ìlera, àti onílé àti àlejò. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSHIA ló ń bójú tó ti ìjọba ìpínlẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó adójútòfò ìlera kankan níbí, ẹ béèrè:
✅ Ilé ìwòsàn wo ní ìlú wa ló ń gba káàdì adójútòfò náà?
✅ Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, àbí àyẹ̀wò nìkan?
✅ Ìgbà wo ni káàdì yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?
✅ Bí wọ́n bá ní ká máa lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, ta ni yóò kọ ìwé, ta ni yóò sanwó?

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ́hùn-ún.