Ta Ló Wọ̀n Ooru Kọ̀ǹpútà?

Tí ọyẹ́ bá mú gidi ní Dilimi, nínú ìgboro Jos, tẹmómítà ara ògiri lè wà ní 16 dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì láàárọ̀ kùtù. Bí ẹnìkan bá wá tan kọ̀ǹpútà àlòkù tó ní ọpọlọ (prósẹ́sọ̀) FX ti ilé-iṣẹ́ AMD, tó sì ṣí áàpù tó ń ka ooru, áàpù náà lè sọ fún un pé ọpọlọ ọ̀hún wà ní 9 dígírì. Irọ́ ni, kò sì nílò ẹlẹ́rìí. Ohun tó ń jẹ iná, tó ń tú ooru jáde, tó sì jẹ́ pé atẹ́gùn inú yàrá nìkan ni fáànù ń fẹ́ sí i, kò lè tutù ju yàrá náà lọ. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà náà kò bàjẹ́, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kò kú, ẹni tó ṣe áàpù náà kò sì ya ọ̀lẹ. Nọ́ńbà yìí ni a ṣì lóye. Kì í ṣe nítorí ká lè mọ bí ooru ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ṣe ṣe é. Kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà má baà jóná ni wọ́n ń wá, ìdí nìyẹn tí òótọ́ rẹ̀ fi pọ̀ níbi tí ewu wà, tó sì fi ń dínkù bí a ṣe ń jìnnà sí ewu.

Àárín ọdún 1990 sí 2000 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti ń jẹ iná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, fáànù sì ti di dandan. Ilé-iṣẹ́ National Semiconductor ní Amẹ́ríkà ṣe LM75 àti LM78 jáde, ohun tín-ń-tín tó ń wọn ooru, tí wọ́n ń jó mọ́ bọ́ọ̀dù. LM75 kì í ṣe òpùrọ́: láti 25 dígírì nísàlẹ̀ òdo títí dé 100, àṣìṣe tí wọ́n gbà fún un kò ju dígírì 2 sókè tàbí sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó jókòó sí ló ń wọ̀n, orí bọ́ọ̀dù ló sì jókòó sí. Àwọn mìíràn fi tẹ́mísítọ̀, irú sẹ́ńsọ̀ ooru mìíràn, sábẹ́ ihò tí ọpọlọ ń wọ̀, tó fi jẹ́ pé ooru ní láti rin ìrìn kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, Tom's Hardware, ìkànnì tó ń dán ẹ̀yà kọ̀ǹpútà wò, gbé fídíò kan jáde tó mú ọ̀rọ̀ náà wá sójú táyé. Wọ́n yọ irin tó ń fa ooru kúrò lórí ọpọlọ mẹ́rin nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Pentium 4 ti Intel rọra dín iyára rẹ̀ kù, Pentium III tiwọn dákú, Athlon 1400 ti AMD sì jóná láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ooru rẹ̀ kọjá 300 dígírì. Athlon kejì ní sẹ́ńsọ̀ nínú ara rẹ̀, òun náà jóná, nítorí pé bọ́ọ̀dù kò tètè gbọ́ ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń wí. Láti ìgbà náà ló ti hàn pé sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ọpọlọ, kí ọpọlọ sì lè gba ara rẹ̀ là láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tó wà nínú ọpọlọ yìí kò ṣòro láti ṣàlàyé. Dáyọ́ọ̀dù sílíkọ́ọ̀nù ni. Bí ooru bá fi dígírì kan lé sí i, fóltéèjì tó wà lórí rẹ̀ á dín ní nǹkan bí mílífóltì 2. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé dáyọ́ọ̀dù méjì kì í bára mu pátápátá, nítorí náà ilé-iṣẹ́ ní láti yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ibo ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò? Lókè, nítòsí ibi tí ọpọlọ ti fẹ́ jóná. Nígbà tí Intel gbé sẹ́ńsọ̀ onídíjítà wọlé pẹ̀lú Core Duo ní ọdún 2006, wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ ooru. Iye dígírì tó kù kí ọpọlọ tó kan òkè ààlà rẹ̀ ló ń sọ. Ó dà bí awakọ̀ tó ń lọ sí Bauchi láti Jos, tó kàn ń sọ lórí fóònù pé ó ku kìlómítà báyìí kí òun dé: ẹni tí kò bá mọ bí Bauchi ṣe jìnnà tó kò lè mọ ibi tí awakọ̀ náà wà lójú ọ̀nà. Intel kò sì sọ ààlà náà fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Àwọn tó ń ṣe áàpù wá ń méfò: ọ̀kan fi 85 ṣe ààlà, èkejì fi 100 ṣe é, òmíràn fi 105. Sẹ́ńsọ̀ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà, áàpù méjì sì lè fi 15 dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra. Inú oṣù kẹjọ ọdún 2008, ní ìpàdé wọn ní San Francisco, ni Intel tó kéde àwọn nọ́ńbà náà, wọ́n sì pè é ní ibi tí wọ́n fojú sùn. Wọn kò fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo ọpọlọ ló máa bá a mu. Àwọn ọpọlọ tó dé lẹ́yìn náà ń gbé ààlà wọn sínú ara, áàpù kàn ń kà á ni.

Ti AMD tún rinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ẹnjiníà sọ ọ́ kedere pé ooru tí ọpọlọ wọn ń kéde kì í ṣe ooru ibì kankan lára rẹ̀. Fáànù ni wọ́n ṣe é fún, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó sáré. Ní ọdún 2017, Ryzen 1700X àti 1800X ń fi odindi 20 dígírì lé ohun tí wọ́n ń sọ, kí fáànù lè máa hùwà kan náà lórí onírúurú ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fara ya. AMD ṣàlàyé, àwọn áàpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ 20 náà kúrò.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló ní kí wọ́n má ṣe sẹ́ńsọ̀ tó péye látòkè délẹ̀? Owó wà níbẹ̀, nítorí pé yíyẹ ọpọlọ kọ̀ọ̀kan wò nínú òtútù àti nínú ooru ń gba àkókò lórí ẹ̀rọ olówó iyebíye. Èyí tó tún jù ú lọ ni pé ooru ọpọlọ kì í ṣe ẹyọ kan. Igun tó ń ṣiṣẹ́ lè fi 10 dígírì gbóná ju igun tó ń sinmi lọ. Kí wá ni nọ́ńbà kan ṣoṣo yóò péye fún? Àwọn kan gbà pé ìbọn ìwọ̀n-ooru, irú èyí tí wọ́n ń dojú rẹ̀ kọ iwájú orí wa nígbà Kòrónà, ló sàn jù. Kò sàn. Orí irin nìkan ló ń wò, irin tó ń dán sì máa ń tàn án jẹ, yóò pè é ní tútù nígbà tó gbóná.

Àwọn tó ń gbé ní Jos náà ní àwíjàre tiwọn: ìlú tutù, kí ni ti àyẹ̀wò ooru? Òótọ́ ni pé ìpíndọ́gba ooru Jos jẹ́ nǹkan bí 22 dígírì, tí ti Èkó sì jẹ́ 27. Ṣùgbọ́n Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà ju òkun lọ, atẹ́gùn ibẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju ti etí òkun lọ ní nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Atẹ́gùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í kó ooru púpọ̀ lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ gidi, ohun tí òtútù fún wa ni gíga ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà padà tán. Gíga yìí kan náà ló ń jẹ́ kí omi hó ní nǹkan bí 96 dígírì ní Dilimi. Ẹni tó bá fi omi híhó dán tẹmómítà wò, tó ń retí 100, yóò da tẹmómítà tó dára nù. Lẹ́yìn náà ni eruku ọyẹ́ dé, tó ń dí àárín irin tó ń fa ooru, àti péésìtì tó ń gbé ooru láti ara ọpọlọ sára irin, tó ti gbẹ lábẹ́ irin kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nílẹ̀ òkèèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Níbí ni nọ́ńbà náà ti wúlò, bí a kò bá béèrè ju ohun tó ní lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sinmi, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́, kò yẹ ká ka ohun tó ń sọ sí: apá tí wọn kò yẹ̀ wò dáadáa nìyẹn, àwọn sẹ́ńsọ̀ ọpọlọ Core 2 ti Intel kan tilẹ̀ máa ń há sójú kan níbẹ̀ láìlè lọ sísàlẹ̀ mọ́. Ká gbé iṣẹ́ tó wúwo fún un, ká wo iye tó kù kó kan ààlà. Ká fọn eruku rẹ̀, ká pààrọ̀ péésìtì, ká tún gbé iṣẹ́ kan náà fún un nínú yàrá kan náà. Bí ó bá lọ sílẹ̀ láti 94 sí 79, ìyàtọ̀ 15 náà ṣeé gbọ́kàn lé, yálà 79 gan-an péye tàbí kò péye, nítorí àṣìṣe tó wà nínú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ẹ̀tàn tuntun ti dé sórí èyí náà báyìí. Ryzen 7000 tí AMD gbé jáde ní ọdún 2022 ni wọ́n ṣe kó lè máa bá iṣẹ́ líle lọ ní 95 dígírì láìséwu. Tí àyè bá wà, á máa fi kún iyára rẹ̀ títí yóò fi débẹ̀. Ẹ fọn eruku rẹ̀, ẹ ra fáànù tó tóbi jù, ó ṣeé ṣe kó tún padà sí 95, torí pé iyára ló ti lọ sókè. Ẹni tó bá ń tún irú rẹ̀ ṣe, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun dára, iye mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì tó ń sá ni yóò máa wò.