Orí Gìtá àti Orúkọ Tó Wà Lára Rẹ̀

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ gìtá ni, pàápàá jù lọ bésì gìtá. Ẹni tí kò fọwọ́ kan gìtá rí lè ní kí ló kan òun níbẹ̀. Ó kàn yín o. Nínú ìwé ẹ̀yáwó tó ń kọjá lọ́wọ́ mi, ohun èlò orin kì í ṣe àjèjì mọ́. Láti Command dé Baruwa, láti Ayọ̀bọ̀ títí dé Ìyànà Ìpájà, àdúgbò wo ni kò ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣọ́ọ̀ṣì wo ni kò sì fẹ́ bésì? Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wa wà lára àwọn tó ń ta á, tòkúnbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń rà. Bí wọ́n bá rà á, orí rẹ̀ á ti ha, lákà á ti bó, orúkọ tó wà níbẹ̀ á ti pa rẹ́ dé ìdajì. Wọ́n á wá fẹ́ tún un ṣe kó dà bí tuntun. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ìbéèrè méjì ló wà: báwo la ṣe ń ṣe é tí kò fi ní bàjẹ́, orúkọ wo la sì máa lẹ̀ padà sí i?

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ ỌMỌ ẸGBẸ́ WA KAN

Ọ̀kan nínú wa yá owó, àwọn méjì sì dúró fún un. Ó fi owó náà ra bésì kan tí wọ́n kọ Fender gàgàrà sí lórí, iye tí wọ́n ń ta Fender ló sì san. Kò pẹ́ púpọ̀ tí lákà orí gìtá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ó gbé e fún káfíńtà pé kó bá òun tún un kùn. Bí káfíńtà ti fi sáńpépà ha á díẹ̀, òjìji lẹ́tà mìíràn yọ lábẹ́ Fender. Ṣé ẹ rí i, ibi tí sítíkà bá bò lórí igi fún ọdún pípẹ́ kì í rí ìmọ́lẹ̀ tó ìyókù, nítorí náà àwọ̀ ibẹ̀ kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti yọ orúkọ àtilẹ̀bá kúrò, wọ́n sì lẹ olówó iyebíye mọ́ ọn. Wọ́n wá ẹni tó tà á títí, wọn kò rí i.

Ẹgbẹ́ kò lè torí ìyẹn fagi lé gbèsè. Arákùnrin náà san án tán, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n owó ọjà tí kò rà ló san. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn títí gbèsè fi tán. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ orí gìtá kan ṣoṣo lè kan ilé mẹ́ta?

ORÚKỌ KÌ Í ṢE Ọ̀ṢỌ́ LÁSÁN

Ó yẹ ká mọ ìdí tí orúkọ yẹn fi lówó lórí. Tẹ́lẹ̀ rí, bésì ńlá tó ga ju ènìyàn lọ, tí a ń nà ró, ni àwọn olórin ń lò. Ní ọdún 1951, Leo Fender, ní ìlú Fullerton ní California, gbé bésì gìtá oníná tí a ń fi kọ́ ọrùn jáde, ó pè é ní Precision Bass. Ní 1960 ó tún gbé Jazz Bass jáde. Nílẹ̀ tiwa níbí, Bobby Benson ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó mú gìtá oníná wọlé sínú orin ijó wa, kí ọdún 1950 tó dé. Nígbà tí Ebenezer Obey àti Sunny Ade gba ìgboro kan láàárín 1970 sí 1980, bésì ti rí ìjókòó tirẹ̀ nínú jùjú. Ẹni tó bá jó nígbà náà mọ̀ pé bésì ni ẹsẹ̀ ń gbọ́ kí etí tó gbọ́.

Ẹ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Láàárín 1970 sí 1980, àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Japan ń ṣe gìtá tó jọ ti Amẹ́ríkà bí ìbejì. Ní 1977, Norlin, tó ni Gibson nígbà náà, gbé àwọn tó ń ta Ibanez ní Amẹ́ríkà lọ sí kóòtù. Ẹ mọ ohun tí ẹjọ́ náà dá lé lórí? Bí orí gìtá ṣe rí ni. Wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní 1978. Nígbà tó di 1982, Fender fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìtá ní Japan, ó sì ń fi orúkọ Squier ta èyí tó dín lówó. Orúkọ tó wà lórí gìtá ló ń sọ ibi tí ó ti wá àti ẹni tó lè dáhùn fún un. Ẹ̀rí ni.

KÍ O TÓ FỌWỌ́ KAN ÁN

Ẹni tó bá ní gìtá tó ti pẹ́, tó sì jẹ́ ojúlówó, kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó ń kó gìtá àtijọ́ jọ fẹ́ kí ó wà bí ó ti kúrò nílé iṣẹ́, pẹ̀lú àpá àti gbogbo rẹ̀. Bí a bá ti tún un kùn, owó rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ gan-an. Irú ìyẹn, aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá pọn dandan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀. Láti 1976 ni Fender ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà sára orí gìtá. Ṣáájú ìgbà náà, ara irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn, níbi tí ọrùn ti so mọ́ àyà gìtá, ló máa ń wà. Nítorí náà, ẹni tó bá fi sáńpépà ha orí gìtá lè ha nọ́ńbà náà dànù láìmọ̀. Gìtá tí kò ní nọ́ńbà, tí orúkọ rẹ̀ sì ti yí padà, ẹ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe máa fi yé ọlọ́pàá pé ẹ kò jí i?

BÍ A ṢE Ń ṢE IṢẸ́ NÁÀ

Ẹ tú okùn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má gé e nígbà tó ṣì le. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kó súkúrù ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú nylon tirẹ̀, kí ẹ sì kọ àmì sí i. Ẹ fi téèpù oníbébà bo eegun kékeré tí okùn ń gbà kọjá, ẹ bo ojú ọrùn gìtá pẹ̀lú. Ẹ fi ìwọ̀n wọn ibi tí orúkọ àtijọ́ wà, kí tuntun lè bọ́ sójú kan náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òwú kan tínà kékeré sí ibi ìkọ̀kọ̀, bí abẹ́ kọ́kọ́rọ́. Bí ojú ibẹ̀ bá rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, lákà tí àwọn káfíńtà wa mọ̀ nìyẹn. Bí kò bá mì rárá, oríṣi kíkùn mìíràn tó le bí díńgí ni. Irú èyí, ẹ má wulẹ̀ bó o dé igi bí kò bá ṣí. Ẹ kàn fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ kó má dán mọ́, kí ẹ sì kùn ún lé e lórí.

Bí ẹ bá máa bó o dé igi, ẹ wé sáńpépà mọ́ pákó pẹlẹbẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 180 tàbí 240, ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú 320, kí ẹ sì máa tẹ̀lé bí ojú igi ṣe nà. Ẹ má lo ẹ̀rọ. Orí gìtá kì í ṣe ẹsẹ̀ tábìlì. Bí etí rẹ̀ bá ti yí róbótó, tàbí tó bá fẹ́lẹ́ jù, kò sí àtúnṣe mọ́.

Ẹ fín sílà ẹ̀ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó lè dí ihò inú igi. Bó bá gbẹ, ẹ fi 400 ra á lójú.

Sítíkà ló kàn. Èyí tó dára jù ni irú tí a ń rì bọ omi, tó máa ń yọ̀ kúrò lórí bébà. Àwọn tó ń tẹ káàdì lè fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ aláwọ̀ olómi ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fín fánísì tí kò ní àwọ̀ lé e, kó gbẹ dáadáa, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo lẹ́tà á ṣàn lọ nínú omi. Ẹ gé e súnmọ́ lẹ́tà, ẹ rì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí kó dín díẹ̀, ẹ yọ̀ ọ́ sójú ibi tí ẹ wọ̀n, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ ti omi àti afẹ́fẹ́ jáde láti àárín sí etí. Ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Bí ẹ bá da lákà lé sítíkà lẹ́ẹ̀kan náà, tínà inú rẹ̀ á jẹ ẹ́, á sì ká bí ewé gbígbẹ. Èyí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dà bí ìrì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún fín òmíràn. Lẹ́yìn bíi mẹ́ta, ẹ lè fín in kó tutù díẹ̀. Mẹ́fà sí mẹ́wàá ni ẹ máa fín láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan, títí ọwọ́ kò fi ní mọ etí sítíkà mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ojú ọjọ́ o. Lásìkò òjò, bí tínà ti ń fẹ́ lọ, ó máa ń mú ojú igi tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á sì bà lé e, lákà á funfun bí ẹni da wàrà sí i. Ẹ dúró di ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán. Àsìkò ọyẹ́ dára, bí eruku kò bá sí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ bo imú, kí ẹ sì jìnnà sí iná, sìgá àti jẹnẹrétọ̀. Tínà kò mọ ẹni tó ń kọrin ìyìn.

Ẹ wá gbé e kọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọjọ́ Ìsinmi ń bọ̀, ṣùgbọ́n lákà tó gbẹ lójú kò tíì gbẹ nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà olómi 1000, 1500 àti 2000 ra á, kí ẹ má jẹ́ kí omi wọ ihò kọ́kọ́rọ́, nítorí igi á wú. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bíǹ tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò. Nígbà tí ẹ bá ń dá súkúrù padà, ẹ fi àbẹ́là pa á lára kó má baà kán sínú igi líle.

IṢẸ́ Ọ̀WỌ́ MẸ́RIN

Ẹ wò ó, káfíńtà ló mọ igi, ẹni tó ń kun mọ́tò ló mọ fínfín, atẹ̀wé ló mọ sítíkà, ẹni tó ń ta bésì ló mọ ibi tí okùn yóò gbà. Gbogbo wọn la ní nínú ẹgbẹ́ yìí. Lákà tí orí gìtá kan ń gbà kò kún ife omi, bẹ́ẹ̀ gálọ́ọ̀nù ni ẹni kọ̀ọ̀kan ń lọ rà. Kí ló dé tí àwọn márùn-ún kò lè dáwó ra ẹyọ kan? Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

ORÚKỌ WO LA Ó LẸ̀?

Ọ̀nà mẹ́ta ló mọ́. Bí gìtá náà bá jẹ́ Squier, ẹ kọ Squier padà. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó ṣe é, ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó ń dùn láìní orúkọ. Tàbí kí ẹ kọ orúkọ ara yín, tàbí ti ẹgbẹ́ akọrin yín. Ọ̀nà kẹrin, kí á kọ Fender sí ohun tí kì í ṣe Fender, kò sí nínú tiwa. Àwọn kan á ní, "Èmi kò kúkú fẹ́ tà á." Lónìí ni o kò fẹ́ tà á. Lọ́la, àìsàn lè dé, owó ilé ìwé lè dé, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ kò ní mọ̀. Àwọn òfin tó dáàbò bo àmì ọjà, bíi Trade Marks Act ti 1965 àti Merchandise Marks Act, wà nílẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe eré.

Ẹ̀yin tó fẹ́ rà, ẹ má fi ojú wo orí nìkan. Ẹ yí i sábẹ́ iná kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, bóyá òjìji lẹ́tà mìíràn wà níbẹ̀. Ẹ fi èékánná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tọ́ etí orúkọ náà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ tú súkúrù mẹ́rin ẹ̀yìn, kí ẹ wo ìdí ọrùn gìtá, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń tẹ ọjọ́ tàbí àmì síbẹ̀. Òǹtajà tó bá ń bínú nítorí èyí ti dá yín lóhùn. Ẹ mú ẹni tó mọ gìtá dání kí ẹ tó lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá dé.

Ìmọ̀ràn mi fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ni pé, bí ènìyàn bá fẹ́ yá owó ra ohun èlò orin, kí ó mú fọ́tò orí rẹ̀, fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ wá, kí á kọ wọ́n sínú ìwé kí owó tó jáde. Kí àwọn onídùúró náà fojú rí i kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Lórí gìtá, sáńpépà lásán ló ń lé e bá. Ẹ tún ohun yín ṣe kó dán, kó wu ojú, ṣùgbọ́n kí orúkọ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́.

Ire o.